Kí Ni Ìlù Ń Wí?

Lọ́jọ́ tí mo gbé ẹ̀rọ orin tuntun wọlé, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní hóòmù tíátà ni: sípíkà méjì tó ga dé àyà mi, kéékèèké mẹ́ta, àti wúfà kan, ìyẹn sípíkà tó ń gbé báàsì, ohùn ìsàlẹ̀, tó tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó. Iná búlúù ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ góòlù mọ́ ọn níwájú pé 12,000W PMPO. Yàrá àlejò tí mo ti ń bẹ Ìyá Ìbejì fún ọdún méjì gbáko kó jẹ́ kí n sọ di yàrá orin ni mo tò ó sí. Mo tan án, gíláàsì ojú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, inú mi sì dùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá mi àti Ìyá mi wá kí wa. Mo mú Bàbá lọ jókòó sí yàrá náà, mo fi àpàlà àtijọ́ kan sí i, ọ̀kan lára àwọn àwo tí Bàbá fi ń jí wa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà tí a wà lọ́mọdé. Lébẹ́ẹ̀lì àwo náà ti pá tipẹ́. Mo ti ní kí ọmọkùnrin kan bá mi dà á sórí fláàṣì. Bàbá gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó tún gbọ́ ọ díẹ̀ sí i.

Ó ní, "Ariwo rẹ̀ pọ̀, ó ṣeun. Kí ni ìlù ń wí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa, Bàbá. Ọkọ́ ò sí nílé, ẹ má kánjú."

Ó wò mí. Ìyá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín kékeré kan, ó yí padà, ó lọ bá ìyàwó mi ní kíṣíǹnì. Bàbá wá bi mí pé, "Ṣé o gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí ohun tí mo sọ fún ọ lo ń sọ padà fún mi?"

N kò rí èsì fún un, torí ká sòótọ́, n kò gbọ́ ọ. Gbì-gbì-gbì ni mo ń gbọ́. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń han mí létí lókè, ilẹ̀ ń mì nísàlẹ̀, àárín ibi tó yẹ kí gángan ti máa sọ̀rọ̀ sì dà bí ìgbà tí èèyàn rọ òwú dí ẹnu oníìlù. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, gbólóhùn yẹn ni a máa ń fi dá ìyá wa lóhùn bí ó bá jí wa láti lọ sílé ìwé. Àgbẹ̀ tí kò ní ọkọ́, kí ló fẹ́ sáré lọ ṣe lóko? Akọrin náà kò fi ẹnu kọ ọ́ rí; ìlù nìkan ló ń wí i, Bàbá ló sì tú u fún wa. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ ọ́ láì fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ 12,000 wáàtì yẹn tán, torí ó dùn mí. Lẹ́yìn tí àwọn òbí mi lọ, mo yí ẹ̀rọ náà padà, mo ka ohun tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ sẹ́yìn rẹ̀: iná tó ń jẹ kò ju 120 wáàtì lọ. 120 wọlé, ibo ni 12,000 ti jáde? Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ǹ bá so ó mọ́ òpó NEPA, kí n máa ta iná fún gbogbo òpópónà wa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I better pass my neighbour, èyí tí kò lè gbé áyọ́ọ̀nù, gbé ẹ̀rọ 12,000 wáàtì yìí láì wúkọ́. Òǹkà ọjà ni PMPO. Kò sí ìlànà kankan tó sọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, ẹni tó bá wù ú lè kọ mílíọ̀nù kan sí i. Èyí tó yẹ kí èèyàn wò ni wáàtì RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè gbé fún ìgbà pípẹ́ láì gbóná kú. Èyí náà kọ́ ló ń sọ bí ohùn yóò ṣe dára tó. A ó padà débẹ̀.

Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn ilé wa tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Bàbá Oníredíò la ń pè é. Mo rò pé tí mo bá gbé ẹjọ́ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò ní kí n lọ ra èyí tó wọ́n jù. Ó tẹ̀ lé mi dé yàrá náà, kò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: páà! Ìró náà sáré yí ògiri po, dírírírí, bí ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ sínú kànga.

"Ṣó o gbọ́ yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá."

"Ó dáa. Gbé àpótí ńlá yẹn àti sípíkà méjì jáde sí fàráńdà."

A gbé wọn jáde. A tẹ́ wáyà gba ojú fèrèsé, mo fi orin kan náà sí i ní ìwọ̀n kan náà. Bí mo bá ní ẹnu mi ò là, irọ́ ni. Báàsì tó ń mi ilé lẹ́ẹ̀kan ti ṣá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ṣùgbọ́n gángan náà wá ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin. Bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń bá awọ, mo lè kà á ní ẹyọ ẹyọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì là, ó ṣì dà bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ti di ọ̀rọ̀, kì í ṣe ariwo mọ́. Bàbá Oníredíò nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Àìsàn méjì ló ń ṣe ọ́. Ọ̀kan wà nínú àpótí, ọ̀kan wà nínú ilé. Èyí tó wà nínú ilé ló le jù, o ò sì lè dá a padà fún ẹni tó tà á fún ọ."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rẹ́rìn-ín bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé sípíkà wo ló dára jù. Èmi náà a bi í léèrè pé, nínú yàrá wo?

Sípíkà fúnra rẹ̀, nǹkan tó rọrùn ni. Wáyà wínníwínní tí wọ́n ká róbótó ló wà láàárín òòfà, tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìwé tí wọ́n ṣe bí àrọ. Iná orin wọ wáyà, òòfà ń tì í síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, ìwé ń gbá afẹ́fẹ́. Chester Rice àti Edward Kellogg tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní General Electric ní Amẹ́ríkà ló gbé irú èyí tí gbogbo ayé ṣì ń lò jáde ní 1925. Ìlù náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: awọ, ọṣán, kọ̀ǹgọ́. Oníìlù fi apá fún ọṣán, ohùn gòkè. Ó dẹ apá, ohùn sọ̀. Ohun tó mú gángan ṣòro fún sípíkà ju jìta lọ ni pé ohùn rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Kọ̀ǹgọ́ lè bà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ohùn sì yọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ìró ti ìṣáájú kò bá tíì kúrò nílẹ̀ kí tẹ̀yìn tó dé, ọ̀rọ̀ á dà rú.

Mo kọ́kọ́ rò pé ohun tó ń pa ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn sípíkà kéékèèké inú hóòmù tíátà kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀. Ó jọ òótọ́, àmọ́ fóònù já mi ní koro. Fóònù orí tábìlì ayé ọjọ́un kì í gbé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 300 Hz kọjá, ìyẹn ohun tó bá ń gbọ̀n ní ìgbà tí kò tó ọ̀ọ́dúnrún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn ọkùnrin àgbà sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín 85 sí 180. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́ igbá sí ìgbà lórí fóònù rí. Etí ń fi èyí tó gbọ́ lókè wá èyí tí kò gbọ́ nísàlẹ̀. Nítorí náà, àìsí báàsì kì í pa ọ̀rọ̀ ìlù. Báàsì burúkú ló ń pa á. Wúfà mi ní ohùn kan ṣoṣo, ohùn náà ló fi ń dá gbogbo ohun tí wọ́n bá wí fún un lóhùn, bí ará ilé tó jẹ́ pé "ẹ kú iṣẹ́" nìkan ló mọ̀.

Yàrá mi wá tún gbè é lẹ́sẹ̀. Mítà 3.6 ni gígùn rẹ̀, mítà 3.6 ni ìbú rẹ̀. Inú bíríkìlà dùn lọ́jọ́ tó kọ́ ọ pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, èmi náà yìn ín. Àṣé yàrá tó dọ́gba báyìí ni ọ̀tá báàsì. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in sí ìlọ́po méjì 3.6, ẹ ó rí nǹkan bíi 48. Báàsì tó bá ti wà ní àyíká 48 Hz, bó bá kúrò lára ògiri kan, á lọ kọlu èkejì, á padà wá bá ara rẹ̀, á máa wú, kò ní tètè kú. Ìlọ́po méjì rẹ̀, nǹkan bíi 95, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí yàrá bá gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ, gígùn á ní tirẹ̀, ìbú á ní tirẹ̀, ìyọnu á pín. Nínú yàrá mi, ibì kan náà ni méjèèjì ń kó ìyọnu wọn jọ sí. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, táìsì nílẹ̀, gíláàsì lójú fèrèsé: kò sí ohun tó lè gba ìró mì.

Ó jẹ́ kí n rántí rédíógíráàmù Bàbá. Sípíkà kan péré ló ní, lẹ́yìn aṣọ tí eku ti jẹ létí, bẹ́ẹ̀ a máa ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ akọrin látinú ilé ìdáná. Mo ti máa ń rò pé ẹ̀rọ àtijọ́ ló dára ju tòde òní lọ. Irọ́ ni, ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan. Pálọ̀ ló dára. Pákó ni àjà, àga onítìmùtìmù mẹ́jọ ló kún inú rẹ̀, àwọn àlejò jókòó sórí wọn pẹ̀lú agbádá, fèrèsé ṣí kalẹ̀ sí ìta. Báàsì tó bá wọ inú pálọ̀ yẹn rí ọ̀nà lọ.

Ká tó bí Bàbá, sípíkà ti wọlé àwọn bàbá wa. 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ redifúṣọ̀n ní Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kékeré kan ni, wọ́n fi wáyà gbé e wọ ilé bí wọ́n ṣe ń gbé iná wọlé. Èèyàn ò lè yí i sí iléeṣẹ́ mìíràn, àfi kó gbé ohùn rẹ̀ sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. BBC London wà lára ohun tó ń gbé wọlé. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn èèyàn wa sọ ọ́, orúkọ náà ṣì dára ju ọ̀pọ̀ orúkọ tí ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ń fún wa lọ. Nígbà tí rédíò gidi dé Ìbàdàn, ìlù ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ló sì gbà pé ohun tí ìlù náà ń wí ni "Bólúbàdàn bá kú, ta ni ó jọyè?" Ilé mìíràn ní tiwọn. Ẹ wo irú ìjà tí sípíkà tí kò là lè dá sílẹ̀ láàárín ìlú.

BBC yẹn kan náà ló padà wá kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n nílò sípíkà tí yóò wọ inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ìta, kí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ lè mọ̀ bóyá ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jáde bó ṣe rí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ṣe èyí tí wọ́n pè ní LS3/5A. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, kò tóbi ju àpótí bàtà lọ púpọ̀. Iléeṣẹ́ KEF ló ṣe wúfà kékeré inú rẹ̀ àti túwítà rẹ̀, ìyẹn sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn òkè. Kò ní báàsì tó ń mi ilé, kò sì lè pariwo: bí ẹ bá fún un ní wáàtì kan, nǹkan bíi 82 tàbí 83 dB, òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ń pariwo tó, ló máa fún yín. Bẹ́ẹ̀ àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn ṣì ń lé e kiri, wọ́n ń san owó gọbọi lé e. Ìdí rẹ̀ ni pé tí èèyàn bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, èèyàn ni ẹ óò gbọ́. N kò ní owó rẹ̀. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: ṣé ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jáde bó ṣe rí? Ẹni tí èmi fẹ́ gbọ́ ń fi kọ̀ǹgọ́ sọ̀rọ̀ ni, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀.

Mo lọ sí Alábà, ọjà ẹ̀rọ ní Èkó, lọ́jọ́ kan tí òjò kò rọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹni tó bá mọ Alábà mọ̀ pé bí èèyàn bá wọ ìlà àwọn onísípíkà, ọ̀rọ̀ ò wọ etí mọ́. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń fi ohùn tirẹ̀ bo ti ẹnìkejì. Mo na fláàṣì mi sí ọmọkùnrin kan, mo ní kó bá mi fi àpàlà sí i. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi orin tó ní báàsì sí i fún yín." Mo ní rárá. Ó fi sí i, ó gbé e sókè dópin. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó lágbára? Ẹ̀tàn ibẹ̀ nìyẹn: bí èèyàn bá gbọ́ sípíkà méjì, èyí tó fi díẹ̀ pariwo jù ni etí máa ń yàn, ì báà jẹ́ òun ló burú jù. Oníṣòwò mọ̀ ọ́n. Mo sún mọ́ ọn, mo fi ọwọ́ ara mi yí ohùn sílẹ̀ títí a fi lè bá ara wa sọ̀rọ̀, mo wá tẹ́tí sí ìlù.

Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ẹ̀yìn sípíkà. Bí wọ́n bá kọ 86 dB sí i, ó túmọ̀ sí pé wáàtì kan máa fún yín ní 86 bí ẹ bá jókòó ní mítà kan sí i. Wáàtì méjì á sọ ọ́ di 89, mẹ́rin 92, mẹ́jọ 95. 95 sì ti tó láti mú aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn. Wáàtì mẹ́jọ péré! Èmi tí mo ń sanwó lórí 12,000. Kí ẹ sì wo iye ohm rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó: 8 rọrùn fún áńpù púpọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára; èyí tó bá lọ sí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀ á mú áńpù tí kò lágbára gbóná. Ohun kẹta ni ihò. Àpótí púpọ̀ ní ihò níwájú tàbí lẹ́yìn láti fi kún báàsì. Kò burú, àmọ́ nínú yàrá bíi tèmi, tí ògiri ń wú báàsì fún ọ̀fẹ́, epo lẹ fi ń pa iná. Àpótí tí wọ́n dí pa ni mo ń wá, torí báàsì rẹ̀ ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dínkù bó ti ń lọ sísàlẹ̀, ògiri á sì bá a gbé e díẹ̀.

Mo rí ohun tí mo ń wá ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́rin, nísàlẹ̀ òkìtì tòkunbọ̀. Méjì ni wọ́n, ará Ìlú Ọba, gíga wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 35, àpótí tí wọ́n dí pa, wúfà ìńṣì mẹ́fà àbọ̀. Ọmọ ìṣọ̀ náà kò kà wọ́n sí. Nígbà tí mo ṣí aṣọ iwájú wọn, mo rí ìdí rẹ̀: fóòmù tó yí etí wúfà ká ti jẹrà, ó ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí àkàrà àná. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ sípíkà àtijọ́. Mo tẹ ìwé wúfà wọlé pẹ̀lú ìka mẹ́rin, wọ́ọ́rọ́wọ́, mo fetí sí i bóyá wáyà inú ń họ òòfà. Kò họ ọ́. Wáyà ṣì tọ́. Mo nájà, mo sanwó, mo sì gbé wọn sẹ́yìn bọ́ọ̀sì padà sí Ìbàdàn. Ìyá Ìbejì wò wọ́n. "Bàbá Ìbejì, ẹ gbé èyí tó ń tan iná jáde, ẹ wá gbé èyí tó ti ya wọlé?"

Ọjọ́ méjì ni Bàbá Oníredíò fi ṣiṣẹ́ lórí wọn. Ó fi abẹ gé fóòmù tó jẹrà kúrò, ó nu lẹ́ẹ̀ àtijọ́ dànù, ó lẹ tuntun mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ìka tì í kó lè wà láàárín gan-an. Nígbà tí mo gbé wọn délé, mo so wọ́n, orin jáde, àmọ́ ó dà bíi pé akọrin wà lẹ́yìn orí mi. Báàsì kò sí rárá. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré padà lọ. Kò dá mi lóhùn, ó mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan àti wáyà kékeré méjì, ó tẹ̀ lé mi wálé. Ó fi bátìrì kan ìdí sípíkà kìíní: ìwé wúfà fò síwájú. Ó fi kan èkejì: ìwé fò sẹ́yìn. "Ṣó o rí i? Mo ti fi pupa sí ibi dúdú nínú èyí. Bí ọ̀kan ṣe ń tì, ni èkejì ń fà." Ó yí wáyà padà. Akọrin kúrò lẹ́yìn orí mi, ó bọ́ sí àárín sípíkà méjèèjì, ó dúró síbẹ̀. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta irinṣẹ́ olówó ńlá fún yín lórí èyí.

Yàrá wá kù. Àwọn kan ní kí n lẹ páálí ẹyin mọ́ gbogbo ògiri bí ilé ìgbohùnsílẹ̀. Páálí ẹyin ń ṣe díẹ̀ sí ohùn tín-ín-rín, kò lè ṣe nǹkan kan fún báàsì, aáyán á sì sọ ọ́ di ilé. Kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì tó wúwo dáwọ́ dírírírí yẹn dúró, àmọ́ báàsì ń gba inú wọn kọjá bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Nǹkan tó nípọn ló ń mú báàsì. Mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì àlejò méjì, mo gbé wọn dúró sí igun méjì lẹ́yìn sípíkà, mo fi aṣọ bò wọ́n. Mo kó gbogbo ìwé mi sí ògiri ẹ̀yìn. Mo wá gbé àga kúrò lára ògiri, mítà kan ó lé díẹ̀. Kì í ṣe àárín gbùngbùn yàrá o: ẹ dúró sí àárín yàrá mi, báàsì 48 Hz yẹn á pòórá; ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dì yín mú lọ́rùn. Sípíkà fúnra wọn kúrò lára ògiri ní 60 sẹ̀ǹtímítà, túwítà wọn dọ́gba pẹ̀lú etí mi bí mo bá jókòó. Ìyá Ìbejì bi mí pé níbo ni àlejò máa sùn báyìí. Mo ṣì ń ronú sí i.

Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá mo ń tan ara mi jẹ. Floyd Toole, ará Kánádà tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun àti Sean Olive ṣe ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994: wọ́n ní kí àwọn èèyàn fún sípíkà ní máàkì nígbà tí wọ́n ń rí i, àti nígbà tí aṣọ bò ó. Máàkì yí padà. Ojú ń gbọ́ orin fún etí. Mo yá sípíkà gíga ọ̀rẹ́ mi kan, èyí tó rà ní owó tó lè ra mẹ́wàá irú tèmi. Mo na àdìrẹ Ìyá Ìbejì kan sórí okùn láàárín yàrá, mo ní kí àwọn ìbejì máa yí wáyà lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n má sọ fún mi. Mo ti fi fóònù wọn ohùn méjèèjì kó lè dọ́gba. Kí aṣọ tó bò ó, mo ti sọ fún gbogbo ilé pé ti ọ̀rẹ́ mi dára jù, ó kàn jẹ́ pé kò sówó ni. Ìgbà mẹ́wàá la ṣe é. Ìgbà méje, tòkunbọ̀ mi ni mo yàn. Nínú ilé ọ̀rẹ́ mi, tí pálọ̀ rẹ̀ tóbi bíi ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òdìkejì rẹ̀. N kò sọ fún un.

Ọjọ́ Àìkú kan ni àwọn òbí mi padà wá. Bàbá jókòó sí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ọwọ́ lórí orókùn. Ìyá mi tẹ́ ẹní sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ní òun ò wá gbọ́ orin. Àwọn ìbejì jókòó sílẹ̀. Mo fi àwo náà sí i, mo sì rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé a ń gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń bọ́ sínú abọ́.

Akọrin kí àwọn tó fẹ́ kí. Ó dákẹ́. Gángan gbà á.

Mo ń retí re-mí-dò. Mo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nínú orí mi láti kékeré. Ṣùgbọ́n ìlù náà ò gòkè. Ó dúró lójú kan lẹ́ẹ̀mejì, ketekete, ó wá sọ̀. Re-re-dò. Mo dá a padà. Re-re-dò. Mo tún dá a padà.

"Bàbá, ìlù yìí ò wí pé ọkọ́."

Bàbá gbé ojú sókè, ó ń wo àjà. "Kí ló wá wí?"

"Ọkọ ni. Ọkọ ò sí nílé, ẹ má kánjú."

Kò sọ nǹkan kan. Kẹ́hìndé yíjú sí i: "Bàbá Àgbà, ta ni wọ́n ní kó má kánjú?"

"Àlejò ni."

"Àlejò ta ni?"

Ìyá mi kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà. Ó ṣa òkúta kékeré kan jáde, ó jù ú síta, ó ní, "Bí bàbá yín ṣe ń sá fún ìbéèrè yẹn láti 1979 nìyẹn. Ẹ dá ọmọ lóhùn, ó ń bi yín."